Ìtàn Àròsọ àti Ìdáhùn Mẹ́rin: Kíka Ògbójú Ọdẹ nínú Kíláàsì Ìdánwò

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí a ń gbà ka ìtàn àròsọ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, pàápàá ní kíláàsì tí ó ń múra ìdánwò àṣekágbá. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ wà lára ohun tí ìwé náà fúnra rẹ̀ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ìtàn ayé òun sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, èrò ti pé jọ láti gbọ́. Ìtàn ẹnu ń di ìwé lójú wa. Ẹni tí ń sọ, ẹni tí ń kọ àti ẹni tí ń gbọ́ ni wọ́n jùmọ̀ ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fara balẹ̀ ka ibẹ̀ ti rí ohun tí yóò máa rò fún ìgbà pípẹ́. Ta ni ó ni ìtàn náà? Ohùn ta ni a ń gbọ́ nígbà tí ìtàn bá dúró tí ìmọ̀ràn sì bẹ̀rẹ̀?

Kí ni kíláàsì ìdánwò ń bi í? Èwo nínú àwọn ọdẹ ni ó ní ohùn dídùn? Irú ènìyàn wo ni ìyá Àkàrà-ògùn? Olóhùn-iyọ̀, àjẹ́. Ó tán. (Ti àkọ́kọ́ yìí, orúkọ ọdẹ náà ti dáhùn kí ọmọ tó ṣí ìwé rárá.) Ìdí nìyí tí àkékúrú ìtàn tí wọ́n ń tà lọ́jà fi ń gba ipò ìwé gan-an. Orúkọ kì í sọnù nínú àkékúrú. Gbólóhùn gígùn Fágúnwà, tí ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ títí ẹ̀rín yóò fi pa òǹkàwé, ni ó ń sọnù.

A kò tako ìdánwò. Ọmọ oko tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílò òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ọmọ ìlú ńlá, WAEC tí a dá sílẹ̀ ní 1952 sì ń bèèrè àròkọ síbẹ̀. Ti JAMB, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ni ó le jù. Ẹni tí ó fẹ́ wá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì lè ṣe ìdánwò Yorùbá àjọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìdáhùn ni yóò máa yàn, láti 2015 sì ni gbogbo rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá wá dé ọ̀dọ̀ wa tán, àwa ara ẹ̀ka yìí a máa ráhùn pé kò lè kọ ìwé.

Àbá wa kò ju ọ̀kan lọ. Kí olùkọ́ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà sókè ní kíláàsì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì lọ jókòó ti àgbàlagbà kan nílé, kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀, bí òǹkọ̀wé inú Ògbójú Ọdẹ ti ṣe. Àròkọ oníròyìn ni ìdánwò yóò pe èyí, máàkì sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ tí wọ́n ń fi èsì ìdánwò yọ lẹ́nu lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láì kúrò nínú sílábọ́ọ̀sì.