Ọ̀bẹ Oníṣọ̀nà àti Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ

Àwọn tí ń fi awọ ṣe ẹ̀ṣọ́ orí tábìlì ti ní ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ báyìí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Cricut ní Amẹ́ríkà. Wọn a fi àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, wọn a tẹ́ awọ sórí ẹní tí ń lẹ̀, ọ̀bẹ kékeré a sì máa tọ ipa àwòrán náà títí yóò fi gé e tán. Awọ pélébé tí à ń tẹ́ sábẹ́ ife a jáde tónítóní. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe ọnà ara rẹ̀?

Lójú oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́, ìbéèrè yìí kò nítumọ̀, nítorí ẹni tí ó gé e náà ni ó ṣe ọnà rẹ̀. Ẹ wo làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn oníṣàngó fi ń gbé ẹdùn àrá. Ìpín mẹ́rin ni ó wà lójú rẹ̀, ọnà kan náà ni a sì tò sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Síbẹ̀ bí ọwọ́ ṣe rìn nínú ọ̀kan kò bá ti èkejì mu délẹ̀. Níbi tí awọ bá ti fẹ́lẹ́, ọwọ́ a rọ̀. Níbi tí ó bá ti yi, ọ̀bẹ a wọlé ṣinṣin. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Èyí tí ó lágbára nínú wọn pàápàá kò lè gé awọ tí ó bá nípọn ju mìlímítà 2.4 lọ.

N kò bá àwọn tí ń sọkún nítorí ẹ̀rọ sọkún. Ní Ìsẹ́yìn, tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, òwú dídán láti òkè òkun ti wọ inú aṣọ òkè tipẹ́, aṣọ náà kò sì di ti àjèjì, nítorí orí ahunṣọ ni ọnà rẹ̀ wà. Àwòrán tí wọ́n ń tà mọ́ ẹ̀rọ ni ó ń kọ mí lóminú. Òdòdó ibòmíràn ni wọ́n ń yà. Ọ̀dọ́ Ṣakí tí ó bá gé e kàn bá ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnnì ni.

Awọ gan-an tún wọ́n. Ewúrẹ́ tiwa, a ń jó irun rẹ̀ ni, a sì ń jẹ ẹ́ tawọtawọ. Ti màlúù di pọ̀nmọ́. Ní ọdún 2022, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria ní kí òfin dá pọ̀nmọ́ jíjẹ dúró. (Kí ó kọ́kọ́ wá sọ ọ́ ní bùkà Ṣakí.)

Ní tèmi, kí ẹ̀rọ máa gé ẹ̀yìn awọ náà, tí kò ní ọnà, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, kí oníṣọ̀nà sì fi ọ̀bẹ tirẹ̀ gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pupa àti dúdú tí yóò lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.