Ìdìde Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ihò ní 1916: Ohun tí Atanda Wí àti Ohun tí Ó Kù

Láti ìgbà tí J. A. Atanda ti tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìdìde Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ihò jáde ní 1969, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti máa wí pé nítorí owó-orí ni àwọn ará Òkè-Ògùn fi gbé ìjà ko ìjọba ní oṣù kẹwàá 1916. Ọdún 1918 ni owó-orí tó dé ìgbèríko Ọ̀yọ́. Atanda wá ìdí ọ̀ràn náà kàn: kóòtù ìbílẹ̀ tí ń ni aláìní lára, iṣẹ́ àfipáṣe, àti agbára tí Ajẹ́lẹ̀ Ross gbé lé Aláàfin Ládìgbòlù lọ́wọ́, èyí tí ó ju ti àṣà lọ. Iṣẹ́ takuntakun ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń kọni lóminú nínú àkọlé rẹ̀, èyíinì ni “ìdìde.” Bí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó dìde nìkan ni ó ṣe nǹkan, àwọn ṣọ́jà tí ìjọba Lugard rán wá di ẹni tí ó kàn wá pẹ̀tù sí aáwọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ti 1918. Ogun Àdùbí ni wọ́n pè é, ogun kò sì lè ṣe aláìní apá méjì.

Kò yẹ kí agbẹjọ́rò ìlú fi ẹ̀bi pamọ́ ṣá. A pa ọba Òkè-Ihò, a sì kọ lu kóòtù. Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe ohun tí ó tẹ̀ lé e? Ní 1917 a ṣí Òkè-Ihò kúrò lórí òkè tí ó fi ṣe odi sọ́dọ̀ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, níbi tí ọwọ́ ìjọba yóò ti máa tó o. Ahoro orí òkè náà jẹ́ ẹ̀rí tí ó yẹ kí òpìtàn gbé yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé ìwé Ajẹ́lẹ̀ yẹ̀ wò.

Irú àríyànjiyàn yìí kò parí pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Ní oṣù kọkànlá 1999, lẹ́yìn tí a pa ọlọ́pàá méjìlá, Ààrẹ Ọbásanjọ́ rán ṣọ́jà sí Odi ní Bayelsa, ìlú náà sì di eérú. Àwọn kan ṣì ń pè é ní ìfìdí-òfin-múlẹ̀. Ní 2013 ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt pàṣẹ pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún àwọn ará Odi. Ará Òkè-Ihò kò ní irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti sá lọ ní 1916. Lọ́yà kò tilẹ̀ láṣẹ láti gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni nínú kóòtù ìgbèríko tí Lugard dá sílẹ̀ ní 1914.