Ẹ̀kọ́ Ni tàbí Ìyà? Bí Ọ̀rọ̀ Sanskrit Ṣe Ń Paradà ní Íńdíà

Ní ọdún 2001, ìjọba Íńdíà gbé ètò ńlá kan kalẹ̀ kí gbogbo ọmọdé lè rí ilé ìwé lọ. Sarva Shiksha Abhiyan ni orúkọ tí wọ́n fi Hindi sọ ọ́: akitiyan kí ẹ̀kọ́ lè kárí tolówó tòtòṣì. Orúkọ náà dùn létí ará Delhi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń sọ Marathi ní Mumbai, tàbí Malayalam ní Kerala, bá fi etí èdè abínibí rẹ̀ gbọ́ ọ, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìjọba fẹ́ fìyà jẹ gbogbo ènìyàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, shiksha ni ìyà tí ilé ẹjọ́ ń fi jẹ ọ̀daràn. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà Devanagari kan náà ni Hindi àti Marathi fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò sí àmì kankan tí ojú lè fi dá wọn mọ̀.

Nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ mọ́ ìfẹ́ láti lè ṣe nǹkan. Àwọn onímọ̀ Veda, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, wá fi ń pe ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ mímọ́ láìṣìpè. Ní Hindi àti Bengali, ó dúró sídìí ìwé. Ní Marathi, Kannada, Telugu àti Malayalam, ó kó lọ sí kóòtù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn wọ̀nyí ló ṣì í lò. Yorùbá tí ó bá sọ fún ọmọ aláìgbọràn pé “màá kọ́ ẹ lọ́gbọ́n” kò mú ìwé lọ́wọ́. Pàṣán ló ń wá.

Wọ́n máa ń yin Sanskrit pé òun ni okùn tí ó so èdè Íńdíà pọ̀, àti àwọn ti àríwá tí wọ́n bá a tan, àti àwọn èdè Dravidian ti gúúsù tí wọ́n kàn yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n okùn yìí gan-an ló ń gbé ògbufọ̀ ṣubú. Ọ̀rọ̀ àjèjì a máa lé e lọ sídìí ìwé atúmọ̀ èdè. Èyí tí ó jọ ojúlùmọ̀ ni kì í bi léèrè.

Nínú irú ọ̀rọ̀ tí ó jọ ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀, abhiman ló yẹ ká jókòó tì jù. Ìgbéraga ni ní Hindi. Ní Bengali, tí wọ́n ti ń pè é ní obhiman, ó jẹ́ ọgbẹ́ ọkàn tí ẹni tí a fẹ́ràn nìkan lè dá sí wa lára: ìyàwó tí ọkọ kò kà sí, tí ó dákẹ́, tí ó kọ oúnjẹ, tí kò sì ní sọ ohun tí ó ṣe é, nítorí ó gbà pé ó yẹ kí ọkọ ti mọ̀. A kì í ṣe é sí àlejò.

Ní 1973, Hrishikesh Mukherjee, ọmọ Bengali tí ó ń ṣe fíìmù lédè Hindi, gbé Abhimaan jáde. Amitabh Bachchan ṣe olórin tí òkìkí ìyàwó rẹ̀, Jaya Bhaduri, borí tirẹ̀. Òǹwòran Hindi rí ìgbéraga ọkọ nínú àkọlé náà, kò sì ṣìnà. Ẹni tí ó bá gbé etí Bengali wọ sinimá yóò gbọ́ ti ìyàwó pẹ̀lú, ẹni tí ìbànújẹ́ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Etí kejì yìí ló gbọ́ fíìmù náà yé.

Ní gúúsù, ọ̀rọ̀ náà tún yí àwọ̀. Abhimani ni Telugu àti Kannada ń pe olólùfẹ́ òṣèré. Nígbà ayé rẹ̀, Rajkumar, àgbà òṣèré Kannada, a máa pe àwọn tirẹ̀ ní abhimani devarugalu, àwọn olólùfẹ́ tí í ṣe òrìṣà. Ará Delhi yóò gbọ́ ọ bí òrìṣà agbéraga.

Rag ńkọ́? Ìlànà ohùn orin ni ní Hindi, ìbínú ni ní Marathi. Àwọ̀ àti pípọ́n ló wà nídìí rẹ̀ nínú Sanskrit. Ẹni tí ó bá ti rí ojú tí ó pọ́n koko mọ ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ ìwé pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ bíi Durgeshnandini, tí Bankimchandra Chattopadhyay tẹ̀ jáde ní 1865, upanyas ni Bengali àti Hindi ń pè é. Kadambari ni ti Marathi àti Kannada, orúkọ tí wọ́n mú lára ìwé tí Banabhatta fi Sanskrit kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún keje. Upanyasa wà ní Kannada o, ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tí ó bá ní upanyasaka lòun ní Bengaluru, níbi tí wọ́n ti ń sọ Kannada, kò kọ ìtàn kankan. Kíláàsì ló ń lọ.