Ewé Lọ́wọ́ Ẹlẹ́kọ

Ọwọ́ òsì ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń bu ẹ̀kọ, òun ni ojú oníbàárà máa ń bá lọ, ṣùgbọ́n òsì ni iṣẹ́ wà. Yóò mú ewé eéran kan, yóò ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì gun ara wọn, yóò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sókè, yóò sì fi ìka dì í mú níbẹ̀. Ewé ti di ago nìyẹn. Ẹ̀kọ tó ṣì ń hó yóò wọnú rẹ̀, ẹlẹ́kọ yóò pa ẹnu ewé dé, yóò ṣẹ́ ẹ wọ abẹ́, yóò wá gbé e kalẹ̀ lórí ibi tó ṣẹ́ gan-an. Kò so okùn mọ́ ọn, kò lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìwúwo ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ ló ń pa ẹnu ewé mọ́ títí yóò fi tutù tí yóò sì dì. Kí ẹ tó mọ bó ṣe ṣe é, ó ti mú ewé mìíràn.

Láti Ìdó dé Ọyẹ́ títí dé Ìkọ̀lé ní Èkìtì, iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ débi pé a kì í dúró wò ó. Ó yẹ ká dúró, nítorí ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe lójoojúmọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ta kọfí lókè òkun ṣì ń wá kiri.

Ago bébà tí wọ́n ń bu kọfí sí, rọ́bà tín-ínrín ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ kó má baà jò. Rọ́bà yẹn ló mú un ṣòro láti lọ bébà náà padà fún ìlò mìíràn, nítorí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Britain gbé àbọ̀ jáde pé bílíọ̀nù 2.5 irú ago bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jù nù níbẹ̀ lọ́dọọdún, àti pé nínú 400, bóyá ni ẹyọ kan ń di àtúnlò. Wọ́n ní kí ìjọba gba kọ́bọ̀ 25 owó wọn lórí ago kọ̀ọ̀kan. Ìjọba kò gbà. Ìlú Tübingen ní Jámánì kò dúró de ẹnikẹ́ni ní tiwọn. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ti ń gba 50 sẹ́ǹtì lórí ago àjùnù. Wọ́n pe ìlú náà lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ilẹ̀ wọn, tó kéde ní 2025 pé ìlú náà jàre. Ilé iṣẹ́ kọfí Starbucks pàápàá ti ń dín owó kù láti 1985 fún ẹni tó bá mú ago tirẹ̀ wá.

Ẹni tó bá mú ago tirẹ̀ wá! Ọmọ wo ló dàgbà ní Èkìtì tí wọn kò rán gbé abọ́ lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀? “Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá mi ní kí ẹ bá àwọn bu ẹ̀kọ.” “Gbé abọ́ rẹ súnmọ́ mi, ọmọ mi.” Ẹlẹ́kọ yóò bù ú, yóò tún fi èènì lé e. Àkàrà ló kàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ewé, nítorí kì í ṣe gbogbo ewé tó bá ti gbòòrò ló ń gba ẹ̀kọ. Ewé eéran fẹ́ ibòòji àti ilẹ̀ tútù: etí odò, inú igbó, abẹ́ kòkó. Láti inú ilẹ̀ ni igi rẹ̀ ti ń yọ tààrà, ewé kan lórí igi kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fà á tu. Ó ń gé e ni, kí gbòǹgbò lè tún rú. Nílé, ẹlẹ́kọ yóò gé oríkèé tó le ní ìdí ewé kúrò, torí ibẹ̀ ni ewé ti máa ń ya bí a bá ṣẹ́ ẹ. Yóò nu ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá le jù, yóò jẹ́ kó rọ díẹ̀ kó tó lò ó. Yóò wá ṣà wọ́n: ńlá fún ìta, èyí tó ti ya fún ìtẹ́nú, èyí tí kò ṣe é pọ́n nǹkan fún dídé orí ìkòkò. Igi ewé gan-an kò lọ sí ààtàn. Ẹni tó ń se mọ́ínmọ́ín a tò ó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí oúnjẹ má baà jóná.

Àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ náà kò ní ohun tó ń ṣòfò. Nígbà tí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, èérí di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Omidùn tó wà lórí ògì, alágbo ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ ń dán ọgbọ́n ẹlẹ́kọ wò lórí iná: èyí tó bá ṣàn jù yóò jò lójú ewé, èyí tó bá ki jù kò ní jọ̀lọ̀. Kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Bí ó ṣe ń já bọ́ lára orógùn ló fi ń mọ̀ pé ó tó. Nígbà tí ẹ bá sì ṣí i tán nílé, ewúrẹ́ ti ń dúró de ewé.



Ṣùgbọ́n ọ̀rá ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé Ọyẹ́ ní 2011, pẹ̀lú ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, àwọn tó ń ra oúnjẹ jẹ ti pọ̀ sí i, ìkánjú wọn sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìdó, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti ń kó èrò wá láti ibi gbogbo. Ọ̀rá wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ewé, ẹnì kan ní láti wọ igbó kí ó tó dé ọjà. Lọ́nà Ìkọ̀lé, igbó ń pàdé ọ̀dàn, ilẹ̀ tútù tí ewé eéran fẹ́ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n oògùn apakoríko sábẹ́ kòkó, ewé bá koríko lọ. N kò dá ẹlẹ́kọ tó ń lo ọ̀rá lẹ́bi. Òun náà ní ọmọ tó ń rán níléèwé, a kì í sì í sanwó ewé fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó kéde pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, nítorí ó ń dí ojú gọ́tà. Mo gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ òfin tó ní kí a má lo fóòmù kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń pọ́n ẹ̀kọ, ìdí ìyá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bí ọmọbìnrin tó jókòó ti ìyá rẹ̀ lónìí bá jẹ́ pé ọ̀rá nìkan ló mọ̀ ọ́n dì, iṣẹ́ náà tán nílé yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń darí ilé oúnjẹ ní ọgbà yunifásítì Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, àti ẹ̀yin alábòójútó ilé ìwòsàn Ìdó, ẹ pe àwọn ẹlẹ́kọ wọlé, kí ẹ sì san owó ewé mọ́ owó ẹ̀kọ. Ẹ̀yin olóko kòkó, ẹ fi oògùn sílẹ̀ níbi tí ewé eéran bá wà, kí ẹ fi àdá ro ibẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti ọ̀rá lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.