Kọ̀ǹténà àti Ẹrù Inú Rẹ̀

Ẹni tó ń ṣe fídíò ní agbègbè Liverpool Road ní Apapa, níbi tí tírélà tó ń kó ẹrù èbúté kì í tán lójú ọ̀nà, kò nílò àlàyé púpọ̀ kó tó lóye ohun tí MP4 jẹ́, nítorí kọ̀ǹténà ni òun náà. Orúkọ ara àpótí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fún àwòrán pọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní codec, ló ń pinnu bóyá kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á yóò lè tú ẹrù náà. MP4 méjì lè wà lórí filáṣì kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ H.264, tó jáde ní 2003, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀rọ tí kì í ṣí i, kí èkejì sì jẹ́ H.265 ti 2013, tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yóò máa fi hàn bí akólòlò.

Fídíò tí wọn kò fún pọ̀ kò ṣe é gbé: bí àwòrán 1920 sí 1080 bá ń yí ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo á kọjá gígábáìtì 9. Ẹwà iṣẹ́ fífún fídíò pọ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í tún ohun tó ti sọ sọ. Ó ń tọ́jú àwòrán kan lódindi, lẹ́yìn náà ohun tó bá yí padà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ijó galala, tí Ajegunle fi lókìkí, fi ń gba àyè ju ìwàásù lọ, tí owó tí wọ́n ń fọ́n sórí ìyàwó sì ń fọ́ sí àpótí wẹ́wẹ́ nígbà tí oníṣẹ́ bá ṣahun dátà.

Àwọn tó ta sínimá àgbéléwò lórí VCD mọ ìnira àìtó àyè yìí dáadáa: àwòrán 352 sí 288 péré ni, ìṣẹ́jú bíi 74 sí 80 sì ni dísìkì kan ń gbà, tí eré tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ fi ní láti di dísìkì méjì (bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó náà wà nínú pípín ọ̀hún).

Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rọ tí oníbàárà yóò fi wò ó, kó tó fọwọ́ kan fáìlì. Kó béèrè nípa filáṣì pẹ̀lú: èyí tí wọ́n ṣètò ní ọ̀nà FAT32 kò ní gba fáìlì tó bá ju gígábáìtì 4 lọ, ìbáà ṣófo gbáú.