Òjìji Wáyà Idẹ: Lámèyítọ́ Lórí Àtúndá Ẹ́ńjìnnì Rélùwéè Kékeré

Ọ̀pá tí awakọ̀ ń dì mú gòkè sínú ẹ́ńjìnnì rélùwéè gidi kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè ká mọ́ lọ. Bí a bá sọ ọ́ di kékeré ní ìwọ̀n tí àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní OO, níbi tí mìlímítà kan ti dúró fún mìlímítà 76.2, ọ̀pá náà kò ní tó ìdajì mìlímítà. Lára ẹ́ńjìnnì ike olówó pọ́ọ́kú, wọn kì í dá a dúró. Ńṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ mọ́ ara ike bí ilà tó wú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ á mú ọ̀bẹ, á fá ilà náà títí ara ike á fi dán, á lu ihò tó kéré bí ihò abẹ́rẹ́, á sì na wáyà idẹ mìlímítà 0.45 síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, òjìji wáyà náà á bọ́ sára ẹ́ńjìnnì náà. Nítorí òjìji yẹn ni gbogbo làálàá náà.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. N kò bá a jà, torí ìsọ̀ ohun ìṣeré ni ẹ́ńjìnnì náà ti wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti kan ike, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìṣeré. Ẹ wo etí ògiri ilé awakọ̀. Páànù irin tí kò nípọn ju mìlímítà mélòó kan lọ ni lára ẹ́ńjìnnì gidi. Ike ò lè tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kó má ṣẹ́, wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Ká ní ẹ́ńjìnnì gidi ni, ògiri náà á nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fá gbogbo ògiri. Etí fèrèsé àti etí ẹnu ọ̀nà nìkan ló máa ń dojú ọ̀bẹ kọ, láti inú, ní ìdagun, títí wọn á fi tẹ́ bí ewé. Ojú tó bá rí etí yẹn á gbà pé páànù ni gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ tó ga ni mo ka èyí sí: ẹni náà mọ ibi tí ojú ti ń wádìí, ó sì mọ ibi tí kì í dé.

Àwọn tó mọ ère wò láàrin wa ní ọ̀rọ̀ kan fún un: jíjọra. Ère gbọ́dọ̀ jọ èèyàn, kò sì gbọdọ̀ jọ lágbájá jù. Ilé ìfihàn àtúndá kékeré kan wà ní abúlé Long Wittenham, ní Oxfordshire, níbi tí àríyànjiyàn lórí bó ṣe yẹ kí nǹkan jọra tó ti ń lọ láìsí ariwo. Pendon ni wọ́n ń pè é. Roye England, ará Ọsirélíà, ló dá a sílẹ̀ ní 1954. England ò fẹ́ irọ́ kankan: ilé, ọgbà àti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rí ní agbègbè Vale of White Horse ní àwọn ọdún 1930. Abẹ́ òrùlé kan náà ni Madder Valley wà, iṣẹ́ John Ahern, rélùwéè tí kò sí níbì kankan láyé àfi lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún England. Ti Ahern ni mo fẹ́ràn. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bára mu, torí ojú kan ṣoṣo ló wò wọ́n.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń gbè sẹ́yìn Ahern ni pé irọ́ ti wà nínú OO láti ìpìlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré sí ti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù, mọ́tò iná ayé ìgbà náà ò sì fẹ́ wọ inú wọn. Wọ́n bá sọ ara ọkọ̀ di ńlá, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ ní mìlímítà 16.5 tó wà. Ìyẹn dúró fún nǹkan bí 1,257, bẹ́ẹ̀ 1,435 ni ti gidi. Láti iwájú, ẹ́ńjìnnì náà dà bí ẹni tó pa ẹsẹ̀ pọ̀ dúró. Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ń yọ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ sí 18.2 tí wọ́n ń pè ní EM, tàbí 18.83 ti P4. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Síbẹ̀ mo ti rí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré, tí etí ilé awakọ̀ rẹ̀ ṣì nípọn bíi pákó. Ẹni náà tún ohun tí rúlà ń rí ṣe, ó gbàgbé ohun tí ojú ń rí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni 009: ọkọ̀ ìwọ̀n OO lórí ojú irin mìlímítà 9, láti fara wé àwọn rélùwéè tóóró bíi ti orí òkè Wales. P. D. Hancock wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà, ní Edinburgh, pẹ̀lú rélùwéè kékeré rẹ̀, Craig & Mertonford. Kí àwọn bíi Heljan àti Bachmann tó máa ta èyí tó ti parí, ńṣe ni wọ́n ń ra ẹ́ńjìnnì ìwọ̀n N, tí ojú irin tirẹ̀ náà jẹ́ mìlímítà 9, wọ́n á bọ́ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á gbé ara mìíràn lé ṣáàsí rẹ̀. Irin funfun rírọ̀ tí wọ́n fi òjé àti tánganran pò ni wọ́n sábà fi ń dà ara náà. Ó wúwo, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kékeré wọ̀nyẹn di ojú irin mú, ṣùgbọ́n kíá ló ń yọ́. Bí irin gbígbóná tí àwọn atún-rédíò fi ń jó wáyà bá kàn án bẹ́ẹ̀, ọ̀pá èéfín á di omi. Lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 70°C ni wọ́n fi ń jó o pọ̀.

Ara àti ṣáàsí yìí kì í ṣe ọmọ ìyá, àna ni wọ́n. Ẹsẹ̀ kì í bọ́ síbi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á wá máa fi ẹ̀yà bo àléébù náà: àtùpà, garawa, ṣọ́bìrì, idẹ pẹlẹbẹ, ohun tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jáde. Kò sí èyí tí wọn ò tà mọ́, ìrọ̀rùn yẹn ló sì ń ba ojú jẹ́. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí, ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é. Àtùpà kan péré ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gé bọ́ílà kúrú ní mìlímítà mẹ́ta kí ọ̀pá èéfín lè bọ́ sókè ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ó sì sọ táńkì omi kalẹ̀ díẹ̀ láti pa àlàfo ẹ̀yìn dé. Kò sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹni tó bá wò ó á sì bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ló ti ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa ará ilé. Ojú irin àtijọ́ tó wọ Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, ìyẹn mìlímítà 1,067. Bí a bá lo ìwọ̀n tí mìlímítà kan ti dúró fún 64, mìlímítà 16.5 tó há jù fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á di 1,056. Ìyàtọ̀ mọ́kànlá péré ló wà níbẹ̀. Àwọn ará New Zealand, tí ojú irin wọn bá tiwa dọ́gba, ti ń fi ìwọ̀n yìí ṣe ọkọ̀ tiwọn. Ojú irin àti ẹsẹ̀ ti wà lọ́jà, ara ló kù. Kí ẹni tó bá ní ọ̀bẹ àti sùúrù gbé rúlà lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì èéfín bá ṣì kù nílẹ̀ wa, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìpẹtà tó jẹ ẹ́ tán.