Ìwé Tí Ọmọ Iléèwé Kọ: Ta Ni Yóò Kà Á?

Àròkọ ọmọ iléèwé kì í pẹ́ láyé. Ọmọ á kọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ á fi bírò pupa fà á nílà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á lẹ máàkì mọ́ ọn nídìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí ìsinmi tó wọlé, ìyá ẹlẹ́pà ti ń fi ìwé náà di ẹ̀pà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kà á, owó oṣù ni wọ́n sì ń san fún onítọ̀hún kó tó kà á.

Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọn kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n ń kó ohun tí àwọn ọmọ kọ jọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rán an pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń fún un ní èèpo àti àkọlé, orúkọ àwọn ọmọ á sì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Àwọn tó ń yin iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé orí ọmọ á wú. Á wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí lámèyítọ́ tó ń fi orí wíwú díwọ̀n ìwé. Ohun tí à ń bi ìwé Fágúnwà ló yẹ ká bi ìwé ọmọ kíláàsì karùn-ún náà: ta lò ń bá sọ̀rọ̀, ohùn ta sì ni à ń gbọ́ nínú rẹ? Bí a bá fi ìbéèrè méjèèjì wo àwọn àpẹẹrẹ tó wà nílẹ̀, a ó rí i pé àròkọ kì í tíì di ìwé nítorí pé ó gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Ó dìgbà tó bá rí òǹkàwé tí kì í ṣe olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ta kókó ní Okpomèta, ní àgbègbè Kétu, lórí ilẹ̀ gíga tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́ nílé àti lọ́jà. Faransé ló ń bá pàdé nínú kíláàsì. Tó bá fi Faransé kọ ìwé, ọ̀gá iléèwé á kà á, ìyá rẹ̀ lè má lè kà á. Tó bá fi Yorùbá kọ ọ́, ìyá náà lè má mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kà á sí i létí, á gbọ́, á sì lè bá ọmọ jiyàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ Dàhómì, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ títí di ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1975, ti kọ irú ìwé yìí rí nígbà ayé òyìnbó. Iléèwé William Ponty ní Senegal, tó wà ní erékùṣù Gorée kí wọ́n tó kó o lọ sí Sébikotane ní 1938, ló ń kọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ìsinmi nílé bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀: báwo lẹ ṣe ń gbéyàwó, kí lẹ̀ ń jẹ, báwo lẹ ṣe ń tọ́ ọmọ? Tó bá padà dé, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ kan. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà ní ilé ìwádìí IFAN ní Dakar, àwọn onítàn sì ń lọ kà wọ́n.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Olùkọ́ òyìnbó ló máa kà á, òun náà ló máa fún un ní máàkì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ọ́ sì mọ̀. Nítorí náà ó sábà máa ń dúró lókèèrè júwe àṣà ilé bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ń mú àlejò yí ìlú ká. Ẹ wá wo eré orí ìtàgé iléèwé kan náà. Ní 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Dàhómì ṣe eré nípa ìpàdé Béhanzin, ọba Dàhómì, àti Bayol, aṣojú Faransé. Ní 1936, Bernard Dadié, ọmọ Ivory Coast, kọ *Assémien Déhylé*, wọ́n sì gbé eré náà dé Paris ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òyìnbó kan náà ló ń ṣọ́ wọn nínú ìwé àjákọ àti nínú eré. Àmọ́ eré ní òǹwòran níwájú, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń pàtẹ́wọ́, tó sì lè sùn lọ bí ọ̀rọ̀ kò bá dùn. Dadié di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé. Àwọn ìwé àjákọ wà nínú àpótí.

Ẹni tó tú kókó yìí ni Célestin Freinet, olùkọ́ abúlé ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ogun Àgbáyé Kìíní ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kò lè máa fi ohùn kọ́ni láàárọ̀ ṣúlẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Bar-sur-Loup, níbi tí wọ́n gbé e lọ ní 1920, ó kíyè sí i pé ìwé kíkà ń kun àwọn ọmọ lóorun, ṣùgbọ́n ojú wọn là kedere lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìgbín sáré ìje lórí tábìlì. Ó kọ ìtàn ìje náà sójú pátákó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan sínú kíláàsì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ á kọ ohun tó wù ú, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Á dìde, á kà á sétí gbogbo kíláàsì. Wọ́n á dìbò yan ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n gbọ́, wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n á sì jọ tún un ṣe ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ín á jókòó síbẹ̀, á máa gba àbá kan, á máa kọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣa lẹ́tà òjé á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, wọ́n á tò ó lódìlódì kó lè yọ bó ṣe yẹ lórí bébà. Ọmọ Yorùbá tó bá ní láti fi ìka ṣa gbogbo lẹ́tà tó wà nínú “ní tòótọ́ àti ní òdodo” á tètè bi ara rẹ̀ bóyá “lóòótọ́” kò tó. Kò sí ẹ̀kọ́ gírámà tó lè kọ́ ènìyàn ní ìṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fara wé Freinet a máa rántí ẹ̀rọ, wọn a sì gbàgbé póòsì. Àwọn ojú ewé tí wọ́n tẹ̀ ní Bar-sur-Loup ń lọ sí Trégunc, ní etíkun Brittany ní ìkángun kejì ilẹ̀ Faransé, sí kíláàsì olùkọ́ kan tó ń jẹ́ René Daniel. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò mọ àwọn òkè tí ojúgbà wọn ń sọ, nítorí náà òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ní 1927, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn *La Gerbe*, tó ń kó iṣẹ́ àwọn ọmọ láti iléèwé oríṣiríṣi jọ. Bẹ̀nẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn olùkọ́ tó ń tẹ̀ lé Freinet wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè náà ló sì gbàlejò ìpàdé àgbáyé wọn, RIDEF, ní 2016.

Ọmọ Kétu kò tilẹ̀ ní láti gba Faransé kọjá kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde síwájú ìlú. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn pè ní orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde láàárín àwọn iṣẹ́ ribiribi ogún àfẹnusọ àti àìfojúrí ti aráyé ní 2001. Lóru ẹ̀fẹ̀, ẹni tó ń kọrin á súre, á ṣe ẹ̀fẹ̀, á sì fi orin ta ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ lábẹ́rẹ́, gbogbo ìlú á dúró gbọ́. Ìlú ló ń dá ẹjọ́ orin náà: èyí tó bá dùn, wọ́n á gbè é; èyí tí kò dùn á kú sí ojúde. Ìdìbò kíláàsì Freinet kò ju ìyẹn lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ní Rabun Gap lórí àwọn òkè Georgia, Eliot Wigginton, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, rí i ní 1966 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ òun mọ́. Wọ́n jọ dá ìwé ìròyìn *Foxfire* sílẹ̀. Wọ́n rán àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà: báwo lẹ ṣe ń fi igi kọ́lé, báwo lẹ ṣe ń pa ẹlẹ́dẹ̀, báwo lẹ ṣe ń pọn ọtí tí ìjọba kò gbọdọ̀ rí? Àkójọ rẹ̀ di *The Foxfire Book* ní 1972, ìwé náà àti àwọn tó tẹ̀ lé e sì tà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ yìí kò yàtọ̀ sí ti Ponty: ọmọ lọ bi àgbà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àgbà tí wọ́n bi léèrè wà lára àwọn tó máa kà á. Kò sẹ́ni tó lè júwe bàbá àgbà bí ará ìlú àjèjì nígbà tí bàbá àgbà fúnra rẹ̀ máa ra ẹ̀dà kan. Wigginton jẹ́bi ẹ̀sùn híhu ìwà ìṣekúṣe sí ọmọdé ní 1992, ó sì kúrò níbẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kò bá a lọ, àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀tá tó burú jù fún irú ìwé yìí ni ọwọ́ olùkọ́ tó mọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan ní Okpomèta kọ nípa omi, nítorí pé omi ti ń ni àwọn ará ilẹ̀ Kétu lára láti ayébáyé. Ó kọ ọ́ báyìí: “Omi tán. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ tò lóru. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀, korobá wa ṣì wà lẹ́yìn.” Olùkọ́ wá tún un ṣe: “Omi ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn.” Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi ìrù tí gbogbo wa mọ̀ so mọ́ ọn, pé ìtàn yìí kọ́ wa láti má ṣe fi omi ṣòfò. Ẹni tó tò lóru kò fi omi ṣòfò. Kò rí èyí tó máa fi ṣòfò. Olùkọ́ gba korobá lọ́wọ́ ọmọ, ó fún un ní ìwàásù. Kí ó tún àmì ohùn àti sípẹ́lì ṣe, ó tọ́, nítorí òǹkàwé ni ìyẹn wà fún. Ṣùgbọ́n kó fi korobá sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ náà wà níbẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ń kọ “kp” níbi tí Nàìjíríà ń kọ “p”, ó sì ń lo ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Àwọn kan á ní kí iléèwé Okpomèta yí ìwé rẹ̀ sí ti Nàìjíríà kó lè rí ọjà. Kò pọn dandan. Ẹni tó bá ti ka ojú ewé méjì, ojú rẹ̀ á ti mọ́ ọn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n má fi Yorùbá ìwé rọ́pò ẹ̀ka èdè Kétu tí àwọn ọmọ ń sọ.

Títẹ̀ ẹ́ kò gba ohun púpọ̀. Bébà ńlá kan tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹta á di ojú ewé 16, píìnì méjì á sì mú un dúró. Bí wọ́n bá tẹ 100 ẹ̀dà, kí díẹ̀ wà fún àwọn ẹbí, ó kéré tán kí 30 kọjá ibodè lọ sí iléèwé kan ní Ìlárá tàbí Ìmẹ̀kọ, níbi tí ará Kétu ti di ọmọ Nàìjíríà nítorí ààlà tí òyìnbó fà. Kí wọ́n fi ojú ewé òfìfo kan sẹ́yìn fún èsì. Bóyá àwọn ọmọ ọ̀hún náà ní ìtàn omi tiwọn. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á kọ̀wé padà pé àwọn ará Okpomèta ń parọ́, pé kò sí ìlà omi tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kí kíláàsì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́rìí fún ìwé kejì.